Egbò Ẹsẹ̀ Tí Kò Jinná: Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin Tí A Lè Gbà Tọ́jú Rẹ̀ ní Èkìtì

Egbò tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lára ènìyàn tí kò jinná ti kúrò ní ọgbẹ́ kékeré tí a ń fi ojú fò dá. Ní Èkìtì, irú egbò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà ní ọrùn ẹsẹ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa tó ti dàgbà, ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí ní kókósẹ̀ ọ̀dọ́ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn ọmọ tó wà ní Èkó tàbí Àbújá á máa fi owó ránṣẹ́, ẹni tó wà nílé á máa ra báńdéèjì, oṣù á sì máa gorí oṣù. Nígbà tí ẹbí bá wá jókòó láti pinnu ohun tí wọn yóò ṣe, ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń wà níwájú wọn: kí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù wọn, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá bá a fọ egbò nílé, tàbí kí wọ́n máa ya àwòrán egbò ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó wà lọ́nà jíjìn, kí onítọ̀hún sì máa sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn lórí fóònù. Ọ̀nà kẹrin yìí ló tuntun jù, òun sì ni ọ̀rọ̀ ń pọ̀ lé lórí jù. Mo fẹ́ kí a gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò dáadáa, nítorí nínú 100 àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn, nǹkan bí 80 sí 85 ló jẹ́ pé egbò ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Bí ẹbí bá yan ibi tó yẹ ní àkókò tó yẹ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyí ni wọn kò ní gé.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́, tí mo gbà pé ó wúwo ju gbogbo èyí tó kù lọ, ni bóyá ọ̀nà tí a fẹ́ yàn lè sọ ohun tó fa egbò náà fún wa. Egbò ọrùn ẹsẹ̀ lè wá láti ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn, tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ró sísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì ń wú. Ó lè wá láti ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ẹsẹ̀, tó ti ń dí. Ó lè jẹ́ ti àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ ti kú débi pé aláìsàn kò mọ ìgbà tí òkúta gún òun. Ó lè jẹ́ ti fòníkú-fọ̀ladìde. Ó lè jẹ́ àrùn Buruli, tí kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ń fà, tí wọ́n sì ti rí lára àwọn ènìyàn ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Egbò tó ti pẹ́ lọ́pọ̀ ọdún sì lè ti di jẹjẹrẹ. Ojú lásán lè má rí ìyàtọ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn yàtọ̀ pátápátá. Báńdéèjì tó fún ẹsẹ̀ mọ́ra ni olórí ìwòsàn fún irú àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá di irú báńdéèjì bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ ti dí, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò ní dé mọ́, ẹsẹ̀ náà sì lè kú.

Ní 1988, oníṣẹ́ abẹ kan ní Calabar, Efem, tẹ ìròyìn kan jáde nípa aláìsàn 59 tó fi oyin tọ́jú ọgbẹ́ àti egbò wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló ti gba ìtọ́jú mìíràn tí kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn 58 ni ara wọn ń yá sí i, tí èèyàn sì rí i kedere. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù, tí oyin kò ṣe nǹkan kan fún, ni wọ́n wá mọ̀ nígbẹ̀yìn pé àrùn Buruli ló ń bá a jà. Kò sí àwọn aláìsàn mìíràn tí wọ́n fi wé àwọn 59 yìí, nítorí náà a kò lè torí rẹ̀ sọ pé oyin ju gbogbo oògùn egbò lọ. Èmi kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni da oyin inú ìgò ọjà sí egbò láìbéèrè. Ẹnì kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ kí a wò. Bí wọ́n bá fọ egbò rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kò ní jinná, nítorí ohun tí Buruli ń fẹ́ ni oògùn tí wọ́n ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8, èyí tí rifampicin àti clarithromycin wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà ìtọ́jú tí kò bá lè dá irú aláìsàn yìí mọ̀ kò yẹ kó jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí a ó gbà lọ.

Ohun kejì ni ọwọ́ tó ń fọ egbò. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí: gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi di egbò ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn ti gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ̀ á fà á yọ gbígbẹ, aláìsàn á pariwo, ẹ̀jẹ̀ á sì yọ. Ohun tó bá gọ́ọ̀sì yẹn jáde ni ẹran pupa tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tó sì rí wínníwínní. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ da omi iyọ̀ tí wọ́n ti sè sí gọ́ọ̀sì náà, á dúró títí tí yóò fi rọ̀, á wá ká a kúrò díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wo ibi tó pupa, ibi tó funfun tó jẹ́ òkú ara, ibi tó dúdú, àti etí egbò bóyá ó ń sún mọ́ra wọn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ bóyá ọ̀sẹ̀ yìí yóò mú egbò kéré sí i tàbí yóò dá a padà sí ibi tó wà.

Ẹ̀kẹta ni owó, mo sì ń sọ gbogbo owó pátá: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó ọkọ̀ ẹni tó ń sin aláìsàn lọ, oúnjẹ ọjọ́ náà, owó ọjà tí onítọ̀hún kò rí tà lọ́jọ́ náà, kí a tó wá kan gọ́ọ̀sì àti oògùn. Ẹ fi iye ìgbà tí wọ́n ń fọ egbò lọ́sẹ̀ sọ iye náà di púpọ̀, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ fún oṣù 3 ó kéré tán, nítorí kò wọ́pọ̀ kí egbò bẹ́ẹ̀ jinná kíákíá ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń fi iye owó ọjọ́ kan ṣoṣo pinnu, tí owó á sì tán lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin ni bóyá ìtọ́jú náà yóò máa wà déédéé, tí ìyanṣẹ́lódì, òpin ọ̀sẹ̀ tàbí àìsí nẹ́tíwọ̀kì kò ní já a. Ẹ̀karùn-ún ni bí ẹni tó ń tọ́jú ṣe lè tètè rí ewu, kí ó sì ní ibi tí yóò fi aláìsàn ránṣẹ́ sí.

Ilé ìwòsàn ńlá

Ní Èkìtì, ohun tí mo ní lọ́kàn ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, àti ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní Adó tó jẹ́ aládàáni. Nínú ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń wọ̀n, kò sí èyí tó tó irú ibí yìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n fi wé ti apá. Bí ti ẹsẹ̀ bá pín sí ti apá, tí ó sì kéré sí 0.8, ó jẹ́ àmì pé iṣan ń dí, wọn kì í sì í fi báńdéèjì tó le di irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ iṣan dunjú bá yẹ̀ ẹ́ wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lè ya ẹsẹ̀ ní X-ray láti mọ̀ bóyá àrùn ti wọ egungun, tí wọ́n lè gé díẹ̀ lára egbò lọ yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ni, tí wọ́n sì lè yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò lọ́nà tó ń fi ipò rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn hàn.

Àmọ́ kí ẹni tó wà ní Ọ̀mùò máa gba Ìkọ̀lé wá sí Adó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nítorí kí wọ́n lè pààrọ̀ gọ́ọ̀sì fún un, owó àti agbára kò ní gbé e. Ọjọ́ odidi ló máa ń lọ sí i: wọ́n á jí ní ìdájí, wọ́n á tò láti gba káàdì, wọ́n á tò láti rí dókítà, ẹsẹ̀ tó yẹ kó wà lókè á sì máa rọ̀ sísàlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ dọ̀sán. Fún egbò tí ẹsẹ̀ wíwú ń fà, ìrìn àti ìjókòó yẹn fúnra rẹ̀ kò dára. Ìyanṣẹ́lódì náà wà níbẹ̀. Ní òpin oṣù Keje 2025, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba káàkiri Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀, àwọn tó ní ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà sì ni; ṣùgbọ́n aláìsàn tí kò ní ibòmíràn tí yóò ti fọ egbò ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu.

Nítorí náà, ojú tí mo fi ń wo ilé ìwòsàn ńlá ni ibi tí a ti ń mọ ìdí egbò, tí a ó sì máa padà sí ní oṣooṣù tàbí nígbà tí nǹkan bá yí padà. Ẹ má ṣe lọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì bọ̀ láìgba ìwé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó fa egbò, ohun tí wọ́n rí nínú àyẹ̀wò iṣan, irú báńdéèjì tó yẹ, iye ìgbà tí wọn yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀, àti ohun tó yẹ kó mú aláìsàn padà wá kíákíá. Ìwé yẹn ni nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé tàbí ẹni tó wà lórí fóònù yóò máa tẹ̀ lé.

Bí wọ́n bá ní ti iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà ni, ẹ béèrè nípa ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní England àti Northern Ireland, tó jáde ní 2014, fi aláìsàn 457 ṣe àfiwé láàárín báńdéèjì alápele mẹ́rin àti ìbọ̀sẹ̀ alápele méjì. Nǹkan bí ọjọ́ 98 ni egbò ìdajì àwọn tó lo báńdéèjì fi jinná, ti àwọn tó lo ìbọ̀sẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 99. Kò sí ìyàtọ̀ kan tó lórúkọ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè fa ìbọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ̀ kò nílò kí ẹlòmíràn máa di ẹsẹ̀ fún un ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ ó le láti fà wọ̀, àwọn kan nínú ìwádìí náà sì pa á tì nítorí pé kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé ti wọ́ọ̀dù

Ó sún mọ́lé, owó ọkọ̀ rẹ̀ kéré, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì sábà máa ń mọ aláìsàn àti ilé rẹ̀. Fún fífọ egbò tí a ti mọ ìdí rẹ̀, kò sí ìdí tí wọn kò fi lè ṣe é dáadáa, bí gọ́ọ̀sì, omi iyọ̀ àti ìbọ̀wọ́ bá wà. Ẹni tó bá wà nínú ètò ìlera adójútòfò ti ìpínlẹ̀ lè béèrè níbẹ̀ ohun tí ètò náà ń san nínú rẹ̀. Òfin ìlera adójútòfò ti 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wà nínú ètò bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ máa ń wà, àti pé wọn kò ní irin iṣẹ́ tí wọn yóò fi yẹ iṣan wò. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìgbé aláìsàn dání, kí ẹ béèrè ẹni tó ń fọ egbò, ọjọ́ tó máa ń wà, àti bóyá ẹ̀yin ni yóò máa ra gọ́ọ̀sì. Ìbéèrè mẹ́ta yìí tó láti pinnu.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé

Fún ẹni tí kò lè rìn, tàbí tí dókítà ti ní kí ó má fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù láti fọ egbò. Ẹsẹ̀ á wà lókè, aláìsàn kò ní rìn, nọ́ọ̀sì á sì rí ohun tí dókítà kò lè rí láéláé ní ilé ìwòsàn: bàtà tó ń ha ẹsẹ̀, ilẹ̀ tí ìyá ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀, iyán àti ẹ̀bà tó ń gbé ṣúgà sókè, àga tó ń sùn lé lórí nítorí pé kò lè gun ibùsùn. Bí egbò àtẹ́lẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ bá ń jinná, ohun tó sábà fà á ni pé a gbé ìwúwo ara kúrò lórí rẹ̀. A lè fi oògùn tó wọ́n jù lọ di í, bí ó bá ṣì ń fi í rìn lọ sóko tàbí sí ọjà, egbò kò ní gbọ́.

Owó rẹ̀ ni kí ẹ fẹ̀sọ̀ ṣírò, nítorí àdéhùn láàárín ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé owó ọkọ̀ ènìyàn méjì láti Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n dé Adó kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi tó ń fi owó ránṣẹ́ fún oògùn yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá darí apá kan owó náà síbí.

Ewu tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè wọ aṣọ funfun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ egbò kiri ilé ni kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀; iṣẹ́ auxiliary ni wọ́n kọ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà fún un, kí ẹ sì wo bóyá kò tíì kọjá àkókò, nítorí ọdún 3-3 ni wọ́n ń tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì gidi kò ní bínú. Ẹni tó bá ń da ìyẹ̀fun inú kápúsù sí ojú egbò, tó ń fi spirit tàbí hydrogen peroxide fọ egbò lójoojúmọ́, tàbí tó ń gún abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Nọ́ọ̀sì orí fóònù

Ọ̀nà yìí ni àwọn ènìyàn gbà gbọ́ jù tàbí kọ̀ jù, láìwo ohun tí ìwádìí sọ. Mo mú ìwádìí méjì tí wọ́n ṣe lórí egbò ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ, nítorí pé àwọn méjèèjì pín aláìsàn sí ọ̀nà méjì láìṣojúsàájú, tí wọ́n sì fi wọ́n wéra.

Èyí àkọ́kọ́ wáyé ní Norway, ó sì jáde ní 2018. Aláìsàn 182 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń lọ sí ilé ìwòsàn bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Fún àwọn yòókù, nọ́ọ̀sì àdúgbò ló ń fọ egbò, tó ń fi fóònù ya á, tó sì ń fi àwòrán àti àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn amọ̀ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fún ìmọ̀ràn. Àkókò tí egbò fi jinná kò pẹ́ ju ti àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn lọ. Nínú àwọn ti fóònù, ìdá 6.4 nínú 100 ni wọ́n gé apá kan ẹsẹ̀ wọn. Nínú àwọn yòókù, ìdá 14.8 ni. Ìròyìn ayọ̀ gidi nìyẹn.

Èkejì wáyé ní Denmark, ó jáde ní 2015, aláìsàn 374 ni wọ́n sì yẹ̀ wò. Ìgbà méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wo àwọn ti ìhà kan láti ilé wọn, ìgbà kẹta ni wọ́n ń lọ sí ilé ìwòsàn. Jíjinná egbò àti gígé ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìhà kejì. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó kú ní ìhà ti fóònù ju ti ìhà kejì lọ, ó sì yà àwọn olùwádìí náà lẹ́nu, wọn kò rí ìdí rẹ̀. Èmi kò ní sọ pé fóònù ló pa wọ́n. Mo ń sọ pé alátọ̀gbẹ tún ní ọkàn, kíndìnrín àti ojú tó yẹ kí a máa wò, ìtọ́jú tó bá ń wo egbò nìkan lójú fóònù sì lè má rí ara yòókù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó jọra nínú ìwádìí méjèèjì. Kò sí ibi tí ọmọ aláìsàn ti ń dá ya àwòrán ránṣẹ́ tí ó sì ń dá fọ egbò. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò, ilé ìwòsàn sì ti mọ aláìsàn náà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbí, kí ọmọ ọdún 17 kan ní Ọ̀tún máa ya ẹsẹ̀ màmá àgbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó, kí ẹ̀gbọ́n náà sì fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì kan lórí WhatsApp, kì í ṣe ohun tí wọ́n dán wò ní Norway. A kò lè fi èsì ti Norway gbè é lẹ́yìn.

Ojú fóònù kò gbọ́ òórùn. Kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ gbóná ju èkejì lọ. Kò lè fọwọ́ kan iṣan òkè ẹsẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń lù, kò sì lè mọ̀ pé ihò kékeré kan ní àárín egbò ti wọlé dé egungun. Ìṣòro mìíràn tún wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an: pípọ́n tí ìwé ń sọ pé ó jẹ́ àmì àrùn kì í hàn bẹ́ẹ̀ lára wa, awọ á kàn dúdú sí i, tàbí kí ó dà bí àwọ̀ àlùkò, tàbí kí ó máa dán kí ó sì le. Ẹni tó wà nílé ni yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan án kí ó sì sọ ọ́.

Síbẹ̀, bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, mo gbà pé ó lè ṣe ẹni tó jìnnà sí Adó àti Ìdó láǹfààní tó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ní ọwọ́ tó wà nítòsí, amọ̀ṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ní ìmọ̀, fóònù sì lè so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ya àwòrán lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ egbò tán. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí aṣọ mímọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí oòrùn má bọ́ sí i tààrà, kí ẹ má sì tan iná fóònù, nítorí omi ojú egbò á máa tàn yanran, kò ní jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan. Ẹ pa ohun tó ń mú awọ funfun tàbí tó ń mú un jọ̀lọ̀ nínú kámẹ́rà. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò láìjẹ́ kó kàn án, kí ẹ kọ déètì sórí bébà tí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwòrán méjì ni: ọ̀kan tó fi gbogbo ẹsẹ̀ hàn, ọ̀kan láti ìtòsí. Ojú aláìsàn kò gbọdọ̀ hàn, kí àwòrán náà má sì wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tó gba ìṣọ́ra púpọ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dára, àwòrán ṣe é fi ránṣẹ́ nígbà tó bá padà dé, nítorí náà àwòrán tó mọ́ ṣàǹfààní ju fídíò tó ń dúró tó ń já lọ.

Wíwọn egbò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kò bá tíì dín kù tó ìdajì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 tí ìtọ́jú tó dára bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro kó jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Ìgbà yẹn ni kí a padà sí ilé ìwòsàn, kí a má dúró di ọ̀sẹ̀ kejìlá.

Ta ni kó yan èwo

Ẹni tí egbò rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 4, tí dókítà kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí, ilé ìwòsàn ńlá ni kó kọ́kọ́ lọ, ibi yòówù kó máa gbé ní Èkìtì. Kò sí èyí tó lè rọ́pò ìrìn àkọ́kọ́ yìí, mo sì gbà kí ẹbí yá owó lọ bí kò bá sí. Alátọ̀gbẹ kò ní dúró di ọ̀sẹ̀ 4 rárá: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (England), ìlànà àwọn oníṣègùn ni pé kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn amọ̀ṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan tí egbò bá ti yọ.

Ẹni tí wọ́n ti mọ ìdí egbò rẹ̀, tó lè rìn, tí nọ́ọ̀sì wà déédéé ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó máa lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ilé ìwòsàn ńlá fún un. Bí ẹsẹ̀ wíwú ni ìdí rẹ̀, tí iṣan rẹ̀ sì dára, kó béèrè ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, èyí tí yóò dín ìrìnàjò kù.

Ẹni tó ní egbò ní àtẹ́lẹsẹ̀, arúgbó tí kò lè gun ọ̀kadà, àti ẹni tó ń gbé nìkan, nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ló yẹ wọ́n. Kí àwọn ọmọ tó wà lókèèrè san owó náà tààrà fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì máa béèrè ìwọ̀n egbò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Fóònù dára fún ẹni tó jìnnà, tí nọ́ọ̀sì gidi kan ti ń fọwọ́ kan egbò rẹ̀, tí dókítà kan sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì yìí kò yẹ kó gbára lé e. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí egbò kókósẹ̀ rẹ̀ máa ń jinná tó sì tún máa ń yọ, lè rí i pé ó wúlò láti fi sọ fún àwọn dókítà rẹ̀ ní kíákíá pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró kí nọ́ọ̀sì dá èsì àwòrán padà, ì báà jẹ́ òru: bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá dúdú, bí ẹsẹ̀ bá wú tó sì gbóná sókè kọjá ibi tí egbò wà, bí ibà àti òtútù bá mú aláìsàn tó ń gbọ̀n, bí egungun bá hàn, bí òórùn egbò bá yí padà lójijì, tàbí bí alátọ̀gbẹ bá ń tòògbé tí kò dáhùn dáadáa. Ọkọ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù tó ní dókítà lóru. Ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn ńlá àti àwọn àwòrán ọ̀sẹ̀ tó kọjá dání, nítorí wọn yóò ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ bí egbò ṣe rí kó tó bàjẹ́.